Ẹsẹ̀ Ìyá Láńre Lóko Perli

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí sùúrù èèyàn ṣe ń tán, kí ó gbé ìyá ọkọ rẹ̀ tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà sínú mọ́tò ní Houston nínú oṣù kẹjọ ọdún, kí ìyá náà wọ sùtánà funfun, kí wọ́n sì kọ̀ láti wọ bàtà. Ní ti Bùkọ́lá, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni sùúrù tirẹ̀ ti tán, wọn ò sì tíì kúrò níwájú apartment wọn ní Greenspoint.

Ìrìn àjò náà kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀. Láńre ọkọ rẹ̀ ló ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n tó padà sí Iléṣà lọ́jọ́bọ̀, òun á mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń sin perli, létí òkun lọ́hùn-ún. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ilé iṣẹ́ epo pè é lórí fóònù. Láńre mu tíì, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tirẹ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi mú Màmá lọ, ó ti wọ̀ wọ́n lọ́kàn," ó sì jáde. Ó rọrùn fún un láti sọ. Ìsinmi kan ṣoṣo tí Bùkọ́lá ní láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́ọ̀dù àwọn oní-ìtọ̀ ṣúgà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti pinnu pé òun á sùn títí ojú òun á fi wú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti perli náà kó yéni. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí Màmá ti jẹ́ Ìyá Ẹgbẹ́ Perli Iyebíye nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn ní Iléṣà. Inú ìwé Mátíù ni wọ́n ti mú orúkọ ẹgbẹ́ náà, níbi tí oníṣòwò kan ti ta gbogbo ohun tó ní torí perli kan. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi jó nínú ìkórè, tí wọ́n fi kọ orúkọ perli sára aṣọ, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú ogójì obìnrin náà tó fi ojú ara rẹ̀ rí perli rí. Lọ́dún tó kọjá, nínú ìpàdé, obìnrin kan tí kò fẹ́ràn Màmá dìde, ó béèrè pé, "Ìyá Ẹgbẹ́, báwo ni perli yìí ṣe rí gan-an?" Màmá ní ó jọ dígí. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Màmá gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Amẹ́ríkà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn.

Bùkọ́lá ti mú wọn lọ wo perli nínú ṣọ́ọ̀bù ní Galleria lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó kúrò níbi iṣẹ́. Wọ́n wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì, wọ́n ní ta ló mọ̀ bóyá rọ́bà ni, ibi tó ti ń jáde ni àwọn fẹ́ rí. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń rìn kiri nínú mall náà láìwọ bàtà ni ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ojú ti Bùkọ́lá débi pé ó ń kí i.

Ọ̀rọ̀ àìwọ bàtà yìí gan-an ni wàhálà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wòlíì ìjọ wọn tó wà níbí sọ fún Màmá pé kí wọ́n máa gbàdúrà títí di ọjọ́ tí wọ́n á wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n má sì bọ́ sùtánà sílẹ̀ àfi tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀. Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Kí wòlíì tó sọ̀rọ̀, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ọ̀dà ojú títì Houston nínú oṣù kẹjọ lè dín ẹyin. Láti ọjọ́ náà, alaalẹ́ ni Bùkọ́lá ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì láti yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ wò, alaalẹ́ sì ni wọ́n ń sọ ohun kan náà fún un.

"Kò dùn mí."

"Màmá, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ìtọ̀ ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ yín kú lára. Ìrora ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀, mà. Ọdẹ tiyín ti sùn lọ."

"Ẹni tí ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé, kì í sì í sùn," ni Màmá dá a lóhùn, wọ́n sì fa ẹsẹ̀ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí lèèyàn fẹ́ fi dá Sáàmù lóhùn? Bùkọ́lá ti sọ fún wọn nípa ọkùnrin kan ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ tí ìṣó gún lẹ́sẹ̀, tí kò mọ̀, tó fi ìṣó náà rìn fún ọjọ́ méjì nínú bàtà. Orókún ni wọ́n gé e dé. Màmá ní kò ní jẹ́ tàwọn. Ó tún sọ ti obìnrin kan. Màmá ní kó má fi àsọtẹ́lẹ̀ búburú ba oúnjẹ jẹ́. Wọ́n kọ etí ikún sí i pátápátá. Bùkọ́lá lè gé ọ̀rọ̀ náà kúrú kó bínú, àmọ́ ìyá ọkọ ni wọ́n, wọn kì í sì í ṣe èèyàn búburú. Èèyàn búburú rọrùn láti bínú sí.

Wọ́n gba freeway, títì márosẹ̀, lọ sí gúúsù. Bùkọ́lá tẹná, mọ́tò sáré, Màmá di àga mú.

"Rọra o, ìyàwó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó rọra. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ya ọ̀kan sílẹ̀, Màmá ní, "Rọra o," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin. Ìrìn tí kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ gbà wọ́n ní wákàtí méjì àti ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa rí omi, ọrùn Bùkọ́lá ti le bí igi.

Àgbẹ̀ tó ni oko náà ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Anthony lorúkọ rẹ̀, òyìnbó gíga kan tí oòrùn ti sọ ọrùn rẹ̀ di pupa, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní ibì kan tó fẹ́ lọ. Ó ṣí fìlà fún Màmá. Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ wọn.

"Ṣé màmá yín ò ní bàtà ni?" ló bi Bùkọ́lá lédè òyìnbó.

"Wọ́n ní mẹ́ta," ni Bùkọ́lá fèsì. "Ó wà nínú búùtù mọ́tò. Ẹ máa lọ."

Orí koríko tútù ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, ọkàn Bùkọ́lá sì balẹ̀ díẹ̀. Adágún omi kan wà lẹ́yìn ilé, tí ọkùnrin náà so àwọ̀n kéékèèké rọ̀ sínú rẹ̀ lóríṣiríṣi. Ó fa ọ̀kan sókè, ó mú nǹkan dúdú kan tó dà bí ìgbín pẹlẹbẹ tó ní ìkarahun méjì jáde, ó fi ọ̀bẹ là á. Nínú ẹran rírọ̀ náà, ó fi ìka tẹ perli kan jáde. Funfun ni, ó ń dán, ó sì tóbi tó hóró àgbàdo. Anthony gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ Màmá.

Omi lé sí Màmá lójú. Ó wá dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, wọ́n lè máa lọ sílé, Bùkọ́lá á sì rí oorun díẹ̀ sùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ Anthony fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ ṣàlàyé.

"Ó ní ọdún mẹ́ta ló lò nínú omi," ni Bùkọ́lá ń túmọ̀. "Ó ní wọ́n á gé ìkarahun mìíràn roboto, wọ́n á fi í sínú ẹran rẹ̀, ẹran náà á wá máa fi ara bò ó díẹ̀díẹ̀ títí á fi di perli."

Màmá gbójú sókè. "Ta ló fi í sínú rẹ̀?"

"Òun ni, mà."

"Òun wo?"

"Anthony yìí."

Màmá wo Anthony láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì na perli náà padà sí i. "Sọ fún un pé a dúpẹ́. Èyí tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀ ni mo ń wá. Kí n wá gbé èyí tí òyìnbó kì bọ inú ìgbín dé iwájú ẹgbẹ́? Tí obìnrin yẹn bá bi mí pé ta ló dá a ńkọ́?"

"Màmá, Ọlọ́run náà ló dá Anthony."

"Má bá mi ṣe àwàdà, ìyàwó."

"Àti pé, mà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ lánàá pé ohun inú omi tí kò ní lẹbẹ, tí kò ní ìpẹ́, àìmọ́ ni? Inú àìmọ́ yìí náà mà ni gbogbo wọn ti ń jáde."

"Násárẹ́tì ńkọ́?" ni Màmá wí. "Ohun rere kò ha ti Násárẹ́tì jáde bí?"

Bùkọ́lá mí kanlẹ̀. Ó yí padà sí Anthony, ó sì béèrè bóyá èyí tí èèyàn kò fọwọ́ kàn wà. Anthony họrí. Ó ní nínú ọ́sítà, ìgbín òkun tí àwọn ń kó fún jíjẹ, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń rí i, kò sì lẹ́wà, ó máa ń jọ òkúta lásán. Ó ní òun á lọ bi àwọn tó ń ṣà á létí omi bóyá wọ́n ti rí ọ̀kan. Ó nàka sí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, ó sì wo ẹsẹ̀ Màmá lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí wọ́n dúró lórí koríko níbí o. Mò ń bọ̀."

Ọ̀nà náà kò ní iyẹ̀pẹ̀ kankan. Ìkarahun ọ́sítà ni láti ibi tí koríko parí sí títí dé etí omi, ti ọdún pípẹ́, àwọn kan fọ́, àwọn kan dúró lórí ẹ̀gbẹ́, ẹnu gbogbo wọn mú bí abẹ. Lápá ọ̀tún, wọ́n kó o jọ bí òkìtì tó ga ju ilé lọ. Bàtà rọ́bà tó dé orókún ni Anthony fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Màmá ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Kí ló dé tí ó ní ká dúró?"

"Nítorí ẹsẹ̀ yín ni, mà."

"Hùn. Kí ó tún lọ mú ọ̀kan nínú tirẹ̀ kó wá sọ pé ti Ọlọ́run ni. Ojú mi ni mo fẹ́ kó rí i nígbà tí wọ́n bá ń là á."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kò jìnnà."

"Màmá, ẹ wo ilẹ̀. Abẹ ni gbogbo rẹ̀. Omi òkun tó gbóná báyìí, kòkòrò tó ń gbé inú rẹ̀, tó bá wọ ojú ọgbẹ́ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan là ń sọ, ẹ̀mí là ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú bàtà wá nínú mọ́tò."

"Mo wọ sùtánà."

Bùkọ́lá jókòó sórí koríko, ó bọ́ bàtà kánfáàsì funfun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tò ó síwájú wọn. "Ẹsẹ̀ wa dọ́gba. Ẹ wọ tèmi. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Màá bá yín bẹ wòlíì."

"Ṣé wòlíì ni mo ń bá dá májẹ̀mú?"

"Ó dáa, ẹ gun ẹ̀yìn mi. Màá pọ̀n yín dé ibẹ̀."

"Èmi ọmọ ìkókó?" Màmá gbé etí sùtánà wọn sókè díẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé tí o kà ti pọ̀ jù. Láti ọjọ́ Ìsinmi ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ yìí rìn. Ó gún mi lára ni? Ó ta mí? Kò dùn mí!"

Wọ́n sì gbẹ́sẹ̀. Ìgbésẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta, gbọn-in, bí ẹni ń rìn lọ síbi pẹpẹ.

Ohun tí Bùkọ́lá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀sì kankan kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ìbínú ló ṣe é. Gbogbo ìbínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ti tọ́ọ̀ṣì, ti Sáàmù, ti Galleria, ti ọkọ tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ gbé e dìde, ó sì sáré tẹ̀lé wọn láti dì wọ́n mú. Ó gbàgbé pé bàtà òun ṣì wà lórí koríko. Ìgbésẹ̀ kejì ni ìkarahun kan la àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti àárín dé gìgísẹ̀. Ó figbe ta, ó sì jókòó lulẹ̀.

Màmá yíjú padà. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sórí ìkarahun funfun.

Bùkọ́lá kò rí bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tó rí ni pé Màmá ti di apá rẹ̀ mú, wọ́n ti wọ́ ọ padà sórí koríko, wọ́n sì ń fa sùtánà gba orí yọ. Bùbá àti ìró àdìrẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ká aṣọ funfun náà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, wọ́n sì fi àmùrè rẹ̀ dì í le.

"Màmá, Ọjọ́bọ̀ ò tíì pé," ni Bùkọ́lá wí. Ìrora ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Panu mọ́."

Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kánfáàsì náà láìdi okùn rẹ̀. Létí omi lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ kan ń pariwo, Anthony kò sì lè gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láti ibi tí wọ́n wà. Màmá gba orí ìkarahun lọ, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ìró wọn ń fẹ́ lẹ́yìn, wọ́n ń fi gbogbo òyìnbó tí wọ́n ní ké pé, "Mister! Come! Come!"

Anthony gbé Bùkọ́lá bí àpò ìrẹsì lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ó mú omi mímọ́, ọṣẹ àti ayodíìnì wá. Bùkọ́lá fọ ọgbẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó ń pàṣẹ fún Anthony, ó ń kérora, ó tún ń bínú. Màmá jókòó sórí àga onígi kan nítòsí, wọ́n ń mí gúlegúle.

Ìgbà tí Bùkọ́lá dé ike ayodíìnì padà ló rántí. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Màmá ti gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó wọ bàtà, àti mẹ́ta mìíràn nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀.

"Màmá, ẹ bọ́ bàtà yẹn."

"Bàtà tí o ti ń fi bẹ̀ mí láti ọjọ́ Ìsinmi?" Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo wọ̀ ọ́ tán, o ní kí n bọ́ ọ. Kí ló ṣe mí? Kò dùn mí."

"Ẹ bọ́ ọ, mà."

Bùkọ́lá fi orókún wọ́ dé ìdí àga náà, ó sì fa ti ọ̀tún yọ. Inú bàtà funfun náà pọ́n dẹ̀dẹ̀. Lábẹ́ àtàǹpàkò Màmá, èérún ìkarahun kan tó gùn tó èékánná wọlé dé ìdí. Wọ́n ti fi í rìn lọ sétí omi, wọ́n sì ti fi í rìn bọ̀.

Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n wò ó. Wọ́n fi ìka kan ìdí èérún náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ gan-an, ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ẹsẹ̀ Bùkọ́lá tí wọ́n dì.

"Tìrẹ ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí gan-an, mà."

Màmá mi orí. Ojú wọn ti yí padà pátápátá, ẹ̀rù ló wà níbẹ̀.

"Bùkọ́lá," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Anthony tó dúró nítòsí fi ṣí fìlà láìmọ ohun tí wọ́n sọ. "Bùkọ́lá, kò dùn mí."

Bùkọ́lá yọ èérún náà, ó fọ ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó da ayodíìnì sí i. Ó sọ fún wọn pé wọ́n tètè rí i, pé ọjọ́ méjì ni ọkùnrin ti wọ́ọ̀dù òun fi gbé ìṣó tirẹ̀ rìn, pé tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárín wákàtí kan, ìrètí wà. Àtẹ́lẹsẹ̀ òsì ló gbọgbẹ́ lára òun, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan sì ni mọ́tò òun nílò. Anthony gbé àwọn méjèèjì sínú mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó ti ilẹ̀kùn, ó fi nǹkan kan sọ́wọ́ Màmá, òkúta kékeré aláwọ̀ eérú kan tí kò rí roboto, tí kò dán. Ó ní inú ọ́sítà òkun ni wọ́n ti rí i láàárọ̀ yẹn, kò sí èèyàn tó fi í síbẹ̀. Bùkọ́lá túmọ̀ rẹ̀. Màmá jù ú sínú ibi tí wọ́n ń gbọn eérú sìgá sí láìwò ó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn lé orí dáṣíbọọ̀dù, wọ́n sì di kókósẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Wọ́n bọ́ sórí freeway. Ìrora ń ta Bùkọ́lá títí dé itan, ojú rẹ̀ ń ṣú, ó sì ń wa mọ́tò bí ó ṣe ti mọ́ ọn lára láti òwúrọ̀, jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ ńlá kan fun fèrè lẹ́yìn wọn, ó ya wọ́n sílẹ̀. Òmíràn tún ya wọ́n sílẹ̀.

Màmá wo ọkọ̀ náà títí ó fi jìnnà. Wọ́n yíjú sí Bùkọ́lá.

"Ìyàwó, kí ló dé?" ni wọ́n wí. "Tẹná."